Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ajá Tó Pa Ọ̀bọ?

Ọjọ́ kejì ọdún Iléyá ni ọkùnrin kan láti Kúlẹ́ndé gbé itan àgbò wá bá mi nílé mi ní Ṣàngó, ní Ìlọrin. Kò tíì jókòó tó ti ń wí pé, "Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́." Ìgbà tó mumi tán ló tó rò ó fún wa. Lóru ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, iná ṣẹ́ yọ níbi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn yàrá àwọn ọmọ. Gbogbo ilé ti sùn lọ fọnfọn. Ajá wọn gbó, ó gbó, ó tún gbó. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ilẹ̀kùn títí ìyá àwọn ọmọ fi jí. Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú yàrá yẹn. Irun orí ẹnì kan nínú wọn kò jó.

Àlejò pọ̀ nílé mi lọ́jọ́ náà nítorí ọdún. Gbogbo wọn ń ki ajá náà bí ẹni ń ki ọmọ ọba. Bàbá àgbàlagbà kan bèèrè pé, "Ta ló ni irú ajá báyìí?" Ọkùnrin náà gbá àyà, ó ní, "Èmi ni, Baba. Èmi àti ìyàwó mi la tọ́ ọ." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan gún mi láyà. Ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n bí ajá yẹn sí. Èmi ni mo gbẹ̀bí ìyá rẹ̀, èmi ni mo fi aṣọ nu imú rẹ̀ kó lè mí. Mo ń retí kí ọkùnrin náà sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń gbọ́ òwe yẹn, ajá ni ojú mi máa ń lọ sí. Lóru yẹn, ẹni ẹ̀yìn ajá ni mo ń rò. Ta ni onítọ̀hún? Ṣé ẹni tó ni ìyá tó bí i ni, àbí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà?

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń mú ajá bímọ ládùúgbò yìí, mo sì mọ ẹjọ́ tí àwa ọlọ́sìn máa ń rò. Ẹjọ́ gidi ni. Kí ọmọ ajá kan tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, iṣẹ́ ti wà nídìí rẹ̀ tí ojú onítọ̀hún kò tó. Abo ajá kì í sábà wá akọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Èmi kì í jẹ́ kí akọ gùn ún nígbà àkọ́kọ́, torí ara rẹ̀ kò tíì gbó. Kí ó tó lóyún, mo ti máa ń rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí omi ọyàn àkọ́kọ́ ni yóò gbé ààbò yẹn dé ara àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò bá mu ún lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọwọ́ òfìfo ló fi wọ ayé. Parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ tó yọjú lágbàáyé ní ọdún 1978, lè gbá gbogbo ọmọ inú àgọ́ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wíwá akọ. Mi ò wá akọ tí orí rẹ̀ tóbi bí ìkòkò tí kò ní làákàyè. Akọ tí mo mọ ìwà rẹ̀ ni mò ń wá, tí mo ti rí láàárín ọmọdé, tí mo ti rí láàárín àlejò. Bí kò bá sí owó tí mo máa fi san iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni akọ á mú ọmọ kan tó bá wù ú jù nínú àwọn tí a bá bí. Tó bá ku díẹ̀ kí ọjọ́ 63 oyún pé, ojú mi kì í kan oorun mọ́. Tí àwọn ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, oògùn aràn. Àárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá ni ojú wọn ń là. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lójoojúmọ́ á mọ èyí tó kọ́kọ́ là. Bí ajá tí a ṣe làálàá báyìí lé lórí bá wá ṣe ohun ńlá láyé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká sọ pé ìran wa ni?

Ìwé ìran ajá, èyí tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní pépà, gbà fún wa. Orúkọ ilé tí wọ́n bí ajá sí kì í kúrò lára orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yẹn, bó tilẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ajá tí wọ́n kọ sí ipò kìíní nínú ìwé ìran àwọn Alsatian fúnra wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1899, ọ̀gá ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan ní Jámánì, Max von Stephanitz, ra ajá kan tó ń jẹ́ Hektor Linksrhein. Ó pa orúkọ yẹn rẹ́, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath. Grafrath sì ni orúkọ ilé ajá tirẹ̀. Ará Frankfurt kan tó ń jẹ́ Sparwasser ló mú ajá náà bímọ. Àwa tí à ń sin ìran Horand kárí ayé lónìí, mélòó nínú wa ló gbọ́ orúkọ Sparwasser rí? Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé olè ni von Stephanitz. Ojú rẹ̀ ló rí ohun tí ajá yẹn lè dà.

Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe ní Ìlọrin níbí. Ìlú ẹṣin ni ìlú wa. Bí Ẹmíà bá gun ẹṣin jáde lọ́jọ́ ọdún, ẹni tó jókòó sórí gàárì ni gbogbo ojú ń wò. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ilé tí wọ́n ti bí ẹṣin náà.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn gan-an lóru ọjọ́ náà nìyí: ajá tó gba ọmọ mẹ́ta là yìí, èmi kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn méje ni ìyá wọn bí, òun ló kéré jù. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń du ọyàn, òun ni wọ́n máa ń tì sẹ́yìn. Mo ti ń wá ẹni tí mo máa fi í tọrẹ. Ọjọ́ òjò kan ni ọkùnrin ará Kúlẹ́ndé yìí dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún bí wákàtí kan, ó ń wò wọ́n. Mò ń fi akọ ńlá kan hàn án. Òun ń wo kékeré tó fi ọyàn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tó rìn la ilẹ̀ tútù já, tó wá ń gbóòórùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Èyí ni mo fẹ́." Owó tí mo gbà kò tó ìdajì ti àwọn yòókù, síbẹ̀ mo rò lọ́kàn mi pé mo rẹ́ ẹ jẹ.

Wọ́n gbé e délé, wọn ò tì í mọ́ inú àgọ́ lẹ́nu géètì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá àwọn ọmọ ni wọ́n tẹ́ àpò fún un sí. Ìyàwó ilé náà ló ń fún un lóúnjẹ, ó sì mọ ohùn rẹ̀: ó mọ bó ṣe ń gbó ewúrẹ́, ó mọ bó ṣe ń gbó àlejò, ó mọ bó ṣe ń gbó ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jí lóru ọjọ́ náà. Ó ní ohùn tí òun gbọ́ kò jọ èyí tí òun gbọ́ rí. Ká ní ilé tí wọn kì í ti í fetí sí ajá ni mo tà á sí, ìbá gbó títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn ìbá sì máa bú u láti orí ibùsùn pé kó dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí mo fún un ló gbó. Àwọn tó tọ́ ọ ló jẹ́ kí gbígbó náà di ọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣe mí yìí ti ṣe ẹni tó jù mí lọ fíìfíì. Ní oṣù kìíní ọdún 1925, àrùn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní diphtheria ń pa àwọn ọmọdé ní ìlú Nome ní Alaska. Yìnyín ti dí gbogbo ọ̀nà, ajá nìkan ló lè gbé oògùn débẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn láti ìlú dé ìlú fún bí kìlómítà 1,085. Ajá tó ń jẹ́ Togo ló ṣáájú ẹgbẹ́ tó sá apá tó gùn jù tó sì léwu jù, pẹ̀lú Leonhard Seppala, ọ̀gá rẹ̀. Balto ló ṣáájú ẹgbẹ́ tó sá apá ìkẹyìn wọ ìlú. Balto ni ìròyìn gbé, Balto ni wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí Central Park ní New York ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Ó dun Seppala gidigidi. Ẹ sì wá gbọ́: ilé ajá Seppala kan náà ni Togo àti Balto ti wá, méjèèjì ni kò sì kà sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Togo ṣì kéré, ó fi í tọrẹ fún ẹnì kan láti fi ṣe ajá ilé. Ajá náà ló fò jáde lójú fèrèsé onígíláàsì tó sá padà wá bá a. Balto ní tirẹ̀, ajá ẹrù lásán ló kà á sí. Gunnar Kaasen, tó darí ẹgbẹ́ apá ìkẹyìn yẹn, ló mú un síwájú. Tí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò bá mọ ohun tó wà nínú ajá rẹ̀ méjèèjì, kí ni èmi ará Ṣàngó fẹ́ wí?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló tún ọkàn mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n ajá yìí ló tún un ṣe.

Akọ tó tóbi jù nínú àwọn méje náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí gbogbo ẹni tó wọlé ń nawọ́ sí, owó gọbọi ni mo tà á. Ẹni tó rà á ní ilé ńlá, ó sì sọ ọ́ lójú mi pé òun ń fẹ́ ajá tó burú. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo gba owó. Ajá náà kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Oúnjẹ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àyàfi èyí tó mú igi lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń mú ajá burú nìyẹn. Nígbà tó pé ọdún méjì, ọmọ aládùúgbò kan lọ ṣa máńgòrò nídìí igi náà. Ajá bù ú jẹ nítan.

Ọkùnrin náà wá bá mi pẹ̀lú ìbínú. "Ajá burúkú lẹ tà fún mi." Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí mo fi dá a lóhùn: "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Ajá náà kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo tà á, oṣù mẹ́ta ló yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ yẹn. Mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Ọlọ́run ṣe é, ìyá ọmọ náà ti fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ kíákíá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn, kó má dúró de àgbo. Ó wá ku ajá. Ọjọ́ mẹ́wàá la máa ń fi ṣọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀: bó bá jẹ́ pé dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ, àmì á hàn tàbí kí ó kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á sílé. Mo gbé e padà sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n bí i sí.

Mo ka ọjọ́ mẹ́wàá yẹn bí ẹni ń ka tẹ̀síbáà. Ó ń jẹun, ó ń mumi, kò dà bí aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti nu òógùn ojú mi, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, á ṣí eyín. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbọ́ ohùn ara mi. Fún àbúrò rẹ̀ tó gba ọmọ là, mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ mi wá ni. Fún òun tó bu ọmọ jẹ, mo sọ pé títọ́ ni. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ọjọ́ kan náà, ọyàn kan náà. Ẹnu kan náà ni mo sì fi sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Yorùbá ti parí ẹjọ́ yìí tipẹ́, lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹni tó ní abo ewúrẹ́ tí kò ní àyè á fún ẹlòmíràn gbà sìn. Bí ewúrẹ́ bá bímọ, wọ́n á pín ọmọ. Ẹni tó ń já ewé fún un kì í sọ pé ẹni tó ni ìyá kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó ni ìyá kì í sì í sọ pé ewé lásán ni onítọ̀hún já. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àṣà náà ni pé bí ewúrẹ́ bá kú, àwọn méjèèjì ló pàdánù: ọ̀kan pàdánù ìyá, èkejì pàdánù làálàá. Ẹni tó bá máa pín èrè á pín òfò.

Ti ajá tilẹ̀ ṣe é fi ọ̀sẹ̀ pín. Ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo oríṣi ajá márùn-ún, tí Basenji tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Kóńgò wà lára wọn. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1965. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣiṣẹ́: ìran kan kì í ṣe bí ìran kejì. Wọ́n tún rí i pé ilẹ̀kùn kan wà tó máa ń ṣí sílẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá. Ohun tí ọmọ ajá bá mọ̀ lásìkò yẹn, á gbà á sí ara ayé rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà á títí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Bí mo bá ta ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, márùn-ún ti wà lọ́wọ́ mi, mẹ́rin wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ilẹ̀kùn náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ta ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún nítorí owó oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni tiwọn. Mo mọ bí oúnjẹ ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ọ̀sẹ̀ méjì kò lè wá pín bí ẹni tó dá márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tèmi, mi ò fi ṣeré. Àwọn ọmọ ajá mi ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sọ́nà Jẹ́bbà, wọ́n ń gbọ́ ìpè ìrun, odó, jẹnẹrétọ̀, ariwo àwọn ọmọ ilé kéú. Mò ń gbé wọn láràárọ̀, mò ń fọwọ́ kan etí, ẹnu àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Akọ ńlá yẹn gba gbogbo ìyẹn. Níbo wá ni mo ti ṣẹ̀? Mo ta ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù fún ẹni tó ti sọ fún mi lójú ara mi pé òun máa fi ṣòfò. Wíwá akọ rere fún abo kì í ṣe òpin iṣẹ́ ọlọ́sìn. Wíwá ẹni rere fún ọmọ ajá ni òpin rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti fojú fo ohun tí mo rí.

Agboolé aláfáà ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sin ajá, kò dùn mọ́ bàbá mi nínú. Àwọn àgbà ilé wa ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ìlànà Málíkì tí à ń tẹ̀lé kò ka ara ajá sí ẹ̀gbin, àti pé hádíísì yọ ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran àti ajá oko sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tún mú mi lọ sí Súrà Al-Mā'idah, āyà kẹrin, níbi tí Ọlọ́run ti ṣe ohun tí ẹran ọdẹ tí a kọ́ bá mú ní ẹ̀tọ́ fún wa. Nígbà yẹn, àyè láti sin ajá nìkan ni mo rí nínú rẹ̀. Ní àárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni mo tún padà sídìí rẹ̀. Āyà náà kò dárúkọ ẹni tó ni ìyá ajá, kò dárúkọ ẹni tó san owó. Ẹni tó kọ́ ọ ló bá sọ̀rọ̀. Ó sì rán an létí pé nínú ohun tí Ọlọ́run fi kọ́ òun náà ló ti mú èyí tó fi kọ́ ajá. Ìyìn tí à ń jà sí, ọ̀nà òkè ló ń lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọmọ ajá kan kì í kúrò lọ́dọ̀ mi kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo máa ń lọ wò wọ́n nílé tí wọ́n lọ, ní ọ̀sẹ̀ kejìlá àti ní oṣù kẹfà, mo sì máa ń bèèrè káàdì abẹ́rẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, kó dá a padà fún mi, kò ní gbọ́ èébú. Ẹni tó bá sọ pé òun ń fẹ́ ajá tó burú, mo máa ń fún un lómi mu, mo sì máa ń sìn ín dé ẹnu géètì. Mo lọ sí Kúlẹ́ndé pẹ̀lú, mo sọ fún ọkùnrin yẹn àti ìyàwó rẹ̀ pé àwọn ni wọ́n rí ajá náà, èmi kò rí i. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà?" Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí i.

Akọ ńlá náà wà lọ́dọ̀ mi síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá di ọdún mẹ́ta. Ó ti gba abẹ́rẹ́, ó ti ń sùn láìsí ṣéènì, ó ti ń jẹ́ kí n gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n bí bàbá arúgbó kan bá ń fi ọ̀pá tilẹ̀ kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí, ara rẹ̀ á le gbagidi. Mo máa ń kúnlẹ̀ tì í, mo máa ń di ọrùn rẹ̀ mú títí ohùn ọ̀pá náà á fi jìnnà. Àlejò tó bá rí wa báyìí a máa bèèrè pé, "Ta ló sọ ajá yìí dà báyìí?"

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n bí i. Èmi ni mo tà á."